Sítíárìn Ẹlẹ́ni-Márùn-ún

"Ẹ̀yin èrò wa pàtàkì, ẹ kú ìjókòó o! Èmi Kápítéènì Ọlábọ̀dé ló ń bá yín sọ̀rọ̀. A ti gbéra ní Ìlọrin, orí Àjàṣẹ́-Ìpo la wà báyìí. Ẹ de bẹ́líìtì yín. Ẹni tó bá gbé adìyẹ dání, kó dè é lẹ́sẹ̀."

Ohùn yẹn ki, ó kún fún àṣẹ. Kò pẹ́ tí ohùn obìnrin tín-ín-rín kan fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni Helen, èmi ni mo ń tọ́jú yín. Ta ló fẹ́ mu omi? Ta ló fẹ́ jẹ gúgúrú?"

"Helen, fi gúgúrú sílẹ̀ jàre!" Bẹ̀llò nìyẹn, igbákejì awakọ̀, tí imú rẹ̀ máa ń dí tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. "Kápítéènì, apá ọ̀tún bàálù wa ti ń tẹ̀ o!"

"Ilé ìṣọ́ pápákọ̀ rèé, Ògúntúndé ló ń sọ̀rọ̀." Ohùn kẹrin yìí ń dún bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò. "Bàálù yín ń ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n lójú ọ̀run bí ọ̀mùtí. Kí ló dé?"

"Dẹ́rẹ́bà, ó wà o!" Jàrátù, èrò tí ẹ̀rù kì í yé bà, fi igbe ta. "Ó wà o! Ẹ jẹ́ n bọ́ọ́lẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí!"

Ohùn márùn-ún. Bó o bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá yẹn, wàá búra pé èèyàn kún ibẹ̀ bámúbámú. Ó dáa, ṣí ilẹ̀kùn wò. Ọmọkùnrin kan, àga kan, kọ̀ǹpútà kan. Ó tán.

Ọlábọ̀dé nìkan ni Kápítéènì. Òun náà ni Helen. Òun ló ń di imú sọ̀rọ̀ fún Bẹ̀llò, òun ló ń ki ẹnu bọ ife fún Ògúntúndé. Kíbọ́ọ̀dù ló fi ń wa bàálù inú eré orí kọ̀ǹpútà náà, ìdí sì nìyẹn tí bàálù kò fi yé ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n.

Ilé tó jókòó sí ní Òmù-Àrán yìí, yàrá mẹ́jọ ni. Mẹ́fà wà ní títì pa. Àwọn ọmọ ilé tó wà ní Èkó ló ni wọ́n, àyàfi ìgbà ọdún, tàbí bí àgbàlagbà kan bá sùn tí wọ́n fẹ́ sin ín, ni àgádágodo wọn ń rí kọ́kọ́rọ́. Láàárín ọdún, alángbá nìkan ni ayálégbé ibẹ̀. Yàrá keje ni ti Màmá, ìyá bàbá rẹ̀. Yàrá kẹjọ ni ti Ọlábọ̀dé. Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá ni bàbá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ láti Èkó wá sílé, ó ní kó wá máa bá Màmá gbé, kí ìdánìkanwà má baà pa arúgbó. Ìdánìkanwà kúkú gbọ́. Ó dìde lọ́dọ̀ Màmá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jáde nínú ilé: ó kó lọ sí yàrá Ọlábọ̀dé.

Ẹ má ṣàánú rẹ̀ jù o, torí ó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ iléèwé ní Òmù-Àrán, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Asisat sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì, ó fi èdè Ìgbómìnà kí i káàbọ̀, kíkí tó dùn, tó gùn. Dípò kí Ọlábọ̀dé dáhùn, ẹ̀rín ló bú sí.

"Jọ̀ọ́, ṣé o lè sọ Yorùbá fún mi?"

"Kí wá lo pe èyí tí mo sọ tán yìí?" Asisat bi í. "Gẹ̀ẹ́sì?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ náà tán. Asisat gbé ìwé rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Ọlábọ̀dé ní "Olùkọ́ Yorùbá", kò sì sẹ́ni tó tún bá a sọ ju "sún síwájú" lọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ti ejò tilẹ̀ sàn, torí ejò kì í jókòó ní kíláàsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Jàrátù fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀run yẹn, ilẹ̀kùn dún gbì. Màmá wọlé. Àwo ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, abọ́ márùn-ún sì tò sórí rẹ̀: iṣu sísè, ọbẹ̀ ata, ègé wàrà dídín tó sanra ní àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ dà?"

Ọlábọ̀dé ti la ẹnu láti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Màmá. Ojú yẹn ń dán. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ torí àlejò.

"Wọ́n… wọ́n ti lọ, Màmá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà."

"Láìjẹun? Nínú ilé tèmi?" Màmá gbé àwo kalẹ̀. "Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́ o. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún ọ lẹ́nìkejì, àṣé mẹ́rin ló fún ọ. Kí lorúkọ wọn?"

Orúkọ kò wọ́n Ọlábọ̀dé. Ó kà wọ́n sílẹ̀. Màmá ń tún wọn pè tẹ̀lé e, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ orin titun. Nígbà tó jáde, Ọlábọ̀dé jẹ abọ́ tirẹ̀, ó jẹ ti Bẹ̀llò. Ti Ògúntúndé ló fẹ́ pa á. Àwọn ewúrẹ́ ilé kejì ló bá a gba ti Helen àti Jàrátù.

Ó rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Rárá o. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nídìí àdúrà ilé, Màmá dìde dúró. "Olúwa, mo fi Bẹ̀llò lé Ọ lọ́wọ́, là á nímú. Ògúntúndé, jẹ́ kó ṣe rere. Jàrátù, mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn rẹ̀. Helen ọmọ mi, Ìwọ ló mọ ohun tó fẹ́, Bàbá, ṣe é fún un."

"Àmín," ni Ọlábọ̀dé wí. Àmín náà dúró sí i lọ́fun bí egungun ẹja.

Irọ́ kì í kúkú jẹun, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń sanra. Màmá béèrè bóyá Helen máa ń kọrin; Ọlábọ̀dé ní ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Màmá béèrè ìdí tí Helen kò fi wá ní Sátidé. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ̀. Màmá gbàdúrà fún ẹsẹ̀ náà títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde ku díẹ̀, Àǹkù Tìmílẹ́yìn, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Èkó, pè é lórí fóònù.

"Ọlábọ̀dé, Màmá ní o ti di ọlọ́rẹ̀ẹ́! Wọ́n ní ẹ jọ ń wa bàálù. Kí lẹ fi ń wà á?"

"Kíbọ́ọ̀dù ni, sà."

"Áà! Kíbọ́ọ̀dù kò mọ díẹ̀. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, o tẹ̀ ẹ́ tán nìyẹn. Ó dà bí ìyàwó tí kò mọ ọbẹ̀ sè: yálà kó má fi iyọ̀ sí i, tàbí kó da gbogbo àpò sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ohun ìdarí gidi. Mo ń bọ̀ wá ṣọdún, mo máa rà á wá. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà, ìwọ ni wàá yàn."

Ó ṣàlàyé. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pá ìdarí, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní jọ́ísítíìkì. Ìdí rẹ̀ wúwo, ó ń dá dúró lórí tábìlì yòówù. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń dì í mú. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, bàálù á sọ̀, bó o bá fà á sẹ́yìn, á gòkè, bó o bá sì lọ́ ọ, imú bàálù á yí. Kò gbàyè. Ẹnìkan ló ń lò ó.

Èkejì ni sítíárìn. Èyí jọ ti bàálù gidi: ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í mú, wọ́n ń tì í, wọ́n ń fà á. Nítorí pé ó lágbára, ẹ̀mú onírin ni wọ́n fi ń so ó mọ́ etí tábìlì. Kì í ṣe é lọ́ bíi ti ọ̀pá, nítorí náà ó ní pátákó ẹsẹ̀ méjì tí awakọ̀ ń tẹ̀ nísàlẹ̀ láti yí imú bàálù.

"Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan," ni Àǹkù wí, "ọ̀pá ti tó. Ẹni kan kò nílò sítíárìn nínú yàrá. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá jẹ́ márùn-ún lóòótọ́, ó yẹ kí n ra ohun ńlá. Sọ òótọ́ fún mi, ẹ̀yin mélòó ni?"

Ọlábọ̀dé di ojú. Ó rí sítíárìn dúdú náà lójú ọkàn rẹ̀, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì lórí rẹ̀. Kò rí nǹkan mìíràn mọ́.

"Àwa márààrún ni, sà."

"Tábìlì ń kọ́? Báwo ló ṣe nípọn tó? Ilẹ̀ yàrá rẹ ń kọ́, ṣé kì í yọ̀?"

"Tábìlì dára, sà. Ilẹ̀ náà dára." Kò tilẹ̀ wolẹ̀.

Sátidé ọdún ni Àǹkù dé. Páálí tó gbé sọ̀ kalẹ̀ tóbi débi pé Màmá rò pé fíríìjì ni. Wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n tú u. Sítíárìn yọ jáde, ó dúdú, ó ń dán, bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ bíi ojú aláǹtakùn. Ọlábọ̀dé gbàgbé láti dúpẹ́.

Àǹkù gbé e dé etí tábìlì. Ẹ jẹ́ n sọ ti tábìlì yìí fún yín. Bàbá Àgbà tó ti kú ló ní kí wọ́n fi ìrókò kàn án. Bí wọ́n bá fi ṣe afárá sórí odò, ọkọ̀ àjàgbé á gbà á kọjá. Ẹ̀mú sítíárìn ya ẹnu títí, bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé odindi iṣu fún. Kò wọlé. Àǹkù tú ìdè rẹ̀ dópin. Kò wọlé. Wọ́n gbé tábìlì oníke wá. Ẹ̀mú dì í mú, Ọlábọ̀dé fa sítíárìn kí bàálù lè gbéra, tábìlì ló gbéra. Ó dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó ṣubú lé e láyà.

Wọ́n padà sórí ìrókò. Àǹkù fi ọwọ́ tẹ sítíárìn mọ́lẹ̀. Ọlábọ̀dé gbé ẹsẹ̀ lé pátákó ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Sìmẹ́ǹtì yàrá náà, Màmá ti ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láti bí ogún ọdún. Ó ń dán bí orí pípá. Pátákó ẹsẹ̀ ta fìrí, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Wọ́n fà á jáde, ó tún padà síbẹ̀, bí ajá tó mọ ilé rẹ̀.

Àǹkù jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, tábìlì là ń wò ká tó ra sítíárìn! Ǹjẹ́ o wò ó bí mo ṣe wí? Ó dáa. Ẹnìkan ní láti di apá ọ̀tún rẹ̀ mú. Ẹnìkan, apá òsì. Ẹnìkan á tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnìkan á jókòó sílẹ̀ dènà pátákó ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan á tó wà á."

Màmá ti ń ka ìka. Nígbà tó ka ìka tó gbẹ̀yìn, ó fò sókè. "Márùn-ún! Ọlọ́run yìí mà tóbi o! Sáré lọ pè wọ́n. Oúnjẹ wọn ti jiná. Helen ni kó o kọ́kọ́ pè."

Bí Ọlábọ̀dé ṣe bọ́ sígboro nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, láti lọ wá èèyàn mẹ́rin tí kò sí láyé.

Ìlú kún. Àwọn ará Èkó ti dé fún ọdún. Iwájú ilé gbogbo ni ọkọ̀ wà, àwọn ọ̀dọ́ tò sórí pèpéle, wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn. Kò sẹ́ni tó pe tirẹ̀. Ó rìn kọjá láàárín wọn bí afẹ́fẹ́ tí kò tilẹ̀ mi ewé. Ó rò ó pé kí òun padà lọ sọ pé gbogbo wọn ti rìnrìn-àjò. Àmọ́ sítíárìn wà nílé, ó ń dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé iwájú ilé Asisat.

Asisat ń fọ ọ̀kadà bàbá rẹ̀. Ó gbójú sókè, kànrìnkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Hẹn-ẹn! Olùkọ́ Yorùbá! Ṣé mo tún ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni?"

"Asisat, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Jọ̀ọ́, wá jẹ́ Helen."

"Kí n wá jẹ kí ni? Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé mò ń gba àwẹ̀ ni?"

"Jẹ́ ni mo wí! Kó o jẹ́ ẹ, kì í ṣe kó o jẹ ẹ́." Ó sáré sọ gbogbo rẹ̀ fún un, sítíárìn, Màmá, oúnjẹ, Bẹ̀llò onímú dídí.

Asisat tẹjú mọ́ ọn pẹ́. "Helen yìí, ṣé Yorùbá tiwa ló ń sọ, àbí tìẹ?"

Ọlábọ̀dé wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ "má bínú" gun orí ahọ́n rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, kò sọ̀. "Èyí tó bá wù ú," ni ó wí.

"Màá wá. Ṣùgbọ́n èmi ni màá kọ́kọ́ wa bàálù." Asisat nu ọwọ́, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó tẹ̀lé e. Ní ti àwọn mẹ́ta yòókù, Ọlábọ̀dé rò ó pé òun yóò ní wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn.

Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo híjáàbù náà, ó wo Ọlábọ̀dé, ó tún wo híjáàbù.

"Ṣé Helen nìyí?"

"Èmi ni, mà." Asisat ti kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Helen mi! Dìde, dìde. Oòrùn ló mú kó o borí, àbí? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ń kọ́?"

Asisat ronú. "Méjèèjì wà níbẹ̀, mà."

"Èyí tó ń dùn ún ni mò ń béèrè!"

"Áà, ìyẹn! Ó ń dùn ún dáadáa, mà, a dúpẹ́."

Àǹkù Tìmílẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Màmá kò gbọ́. Ó ti fa Asisat wọ pálọ̀, níbi tí abọ́ oúnjẹ ti tò, tí ìrẹsì ń rú èéfín. Ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ohùn akọrin kì í jókòó lásán. Helen ọmọ mi, gbàdúrà sí oúnjẹ fún wa."

Asisat di ojú pinpin. Ó mí kanlẹ̀. Ó la ẹnu.

"Bísímíláì…"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n lè fà lókùn padà. Àǹkù kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Helen," Màmá béèrè jẹ́jẹ́, "ìgbà wo lo yí padà?"

Ọlábọ̀dé ní irọ́ kan lẹ́nu tó gbóná fẹlifẹli: ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, Màmá. Asisat ń wò ó, ojú ń tì í nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Màmá sì ń wò ó, ó ti ṣe tán láti gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́. Ìyẹn gan-an ló fọ́ ọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Asisat nìyí. Kò sí Helen."

Màmá gbá àyà mú. "Helen kú?" Omi ti dé ojú rẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. "Helen mi kú? Nígbà wo?"

"Kò kú, Màmá! Kò wà láyé rí ni! Èmi ni Helen. Èmi ni Bẹ̀llò, èmi ni gbogbo wọn." Nígbà tó rí i pé kò yé Màmá, ó gbórí sókè nílẹ̀, ó sì fi ohùn tín-ín-rín náà sọ ọ́: "Èmi ni Helen, èmi ni mo ń tọ́jú yín. Ta ló fẹ́ mu omi?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àǹkù pàápàá kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Màmá jókòó. Ó yọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èkejì. "Ta ni mo wá ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí?" ni ó béèrè. Kò bínú, kò kígbe. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ọlábọ̀dé mú bàtà méjèèjì, ó tò wọ́n ti ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ àga.

Asisat kúnlẹ̀, ó kí Màmá pé ó dàbọ̀. Màmá kò jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ó bu oúnjẹ sínú kúlà fún un. Lẹ́nu ọ̀nà ni Asisat ti yíjú padà. "Orúkọ mẹ́rin lo wá rí pè," ó sọ fún Ọlábọ̀dé. "Kò sí ti ẹnì kankan tó wà ní kíláàsì wa níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àǹkù gbé páálí padà sínú ọkọ̀. "Kì í ṣe pé mo fìyà jẹ ọ́," ó wí. "Tábìlì kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́, àwọn tí ì bá dì í mú kò sì sí láyé."

Wọ́n ti àwọn yàrá mẹ́fà pa. Ilé tún padà sí bó ṣe wà, ó tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìdí àdúrà, Màmá gbàdúrà fún àwọn ọmọ tó wà ní Èkó, fún ìlú, fún aláìsàn. Bó bá dé ibi tí Bẹ̀llò àti Helen máa ń wà, ó máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà a gùn tó orúkọ mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò tó sọ pé, "Àmín." Ọlábọ̀dé a máa wá nǹkan wò lórí ilẹ̀. Nígbà tó bá padà sídìí kọ̀ǹpútà, bàálù rẹ̀ a máa fò láìsí ohùn kankan. Kò sí Helen. Kò sí gúgúrú. Jàrátù pàápàá, tó ń fojoojúmọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ti sọ̀.

Nígbà tí iléèwé fẹ́ wọlé, Àǹkù tún pè. "Ó dáa. A tún bẹ̀rẹ̀. Èwo lo fẹ́?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọlábọ̀dé ti wo tábìlì. Ó ti fi ìka wọn etí rẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti fi ẹsẹ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. "Ọ̀pá ni, sà. Tábìlì nípọn ju ẹ̀mú lọ, ilẹ̀ ń yọ̀, ọ̀pá sì ń dá dúró." Ìyókù ló wúwo jù. "Àti pé èmi nìkan ni, sà."

"O ṣeun," ni Àǹkù wí. "Màá fi rán dẹ́rẹ́bà."

Ọjọ́ tí iléèwé wọlé, Ọlábọ̀dé kò dúró de ọ̀pá kankan. Ó gba àárín kíláàsì lọ síwájú bẹ́ǹṣì Asisat, ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀.

"Asisat, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, o kí mi, mo sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ rẹ́rìn-ín. Màmá mi ń sọ èdè yẹn, bàbá mi ń sọ ọ́. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ. Ìtìjú tèmi ni mo dà sí ọ lára. Má bínú."

"Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́ o," Asisat wí. "Sọ ọ́ ní Ìgbómìnà."

Ọlábọ̀dé la ẹnu, ó pa á dé. "Mi ò mọ̀ ọ́n sọ."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Asisat náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì, díẹ̀ báyìí, tó ẹni kan. "Jókòó. Màá kọ́ ẹ. Àmọ́ mi ò tíì gbàgbé bàálù mi."

Ọ̀pá ìdarí dé nínú páálí kékeré bíi ti bàtà. Wọ́n gbé e lé orí ìrókò, ó dúró wámú. Asisat dé, òun àti Oyèyẹmí, ọmọkùnrin kíláàsì wọn tó ní òun kàn ń sìn ín wá ni, tí kò sì lọ mọ́. Asisat di ọ̀pá mú. Bàálù gbéra ní Ìlọrin, kò ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n. Èdè Ìgbómìnà ló fi ń kéde fún èrò, Oyèyẹmí ń bú u láti ilé ìṣọ́. Ọlábọ̀dé jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró kó kan òun. Kò kàn án títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Orí Màmá yọ. Kò gbé àwo dání. Ó na ìka, ó kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó tún wọlé wá fọwọ́ kan Asisat lórí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọ̀sàn pọ́n.

"Eléyìí lẹ́ran lára," ó wí. "Mo ń lọ bu oúnjẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá fi irọ́ ra ohun ńlá, irọ́ ni yóò wá bá a dì í mú, irọ́ kò sì lọ́wọ́. Nígbà tí sítíárìn ẹlẹ́ni-márùn-ún wà nílé Ọlábọ̀dé, òun nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá ẹlẹ́nìkan dé, kò ráyè fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá lè sọ ọ́ síta pé "èmi nìkan ni," àwọn èèyàn á mọ ibi tí wọ́n ti lè jókòó tì í.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá gbàdúrà fún àwọn ti Èkó, ó gbàdúrà fún ìlú, ó gbàdúrà fún aláìsàn. Ó dé ibi tó ti máa ń dákẹ́. Ó dákẹ́. Ọlábọ̀dé wolẹ̀.

"Àti Asisat," ni Màmá wí.

"Àmín," ni Ọlábọ̀dé dáhùn. Kò há a lọ́fun.